Alágbàṣe Olórúkọ Méjì

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1976.

Ìyá mi, Ìyá Sìdíkàt,

Ẹ kú àwẹ̀, ẹ kú ìdúró nídìí ìkòkò aró. Kí Ọlọ́run gba àwẹ̀ wa. Mo kí Bàbá Mùsílíù, àbúrò bàbá mi, mo sì gbàdúrà pé kí ikọ́ náà ti fi wọ́n sílẹ̀. Mo kí àbúrò mi Sìdíkàt àti àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ara tèmi le, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa rò pé mo ti gbàgbé ilé. N kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n mú yín wọ ilé bàbá mi ní ìyàwó, ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò ní ìyá mọ́ ni ẹ bá nílẹ̀, ọwọ́ aró yín ni ẹ sì fi wẹ̀ mí títí mo fi mọ bí a ti ń wẹ ara ẹni. Ẹni tí wọ́n ṣe irú èyí fún kì í gbàgbé. Ohun tí ó dí mi lọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí mo ń ṣe níhìn-ín, iṣẹ́ àgbàṣe ni. N kò sí nínú ìwé owó oṣù ilé-iṣẹ́ kankan. Bí wọ́n bá ní ògiri, wọn a pè mí. Bí mo bá mọ ọ́n tán, wọn a sanwó, a ó sì pínyà. Títí di ìsinsìnyí, odidi owó ni wọ́n máa ń san fún irú wa, olúkúlùkù a sì lọ san owó-orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìjọba wá rí i pé ọ̀pọ̀ kì í san án, wọ́n sì ti ṣe òfin tuntun. Láti oṣù kẹrin ọdún tí ń bọ̀, alágbàṣe tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí tí àwòrán ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọn yóò yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ kí ó tó kàn án lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìdá a dúró, àti pé òun san owó-orí òun pé.

Èmi ti san tèmi. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Mo ti béèrè fún ìwé-ẹ̀rí náà, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Olùkọ́ kan tí ó kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe níhìn-ín ń ṣe ìwádìí lórí ohun tí òfin yìí yóò ṣe sí àwọn alágbàṣe. Ó ti gbà mí láti máa bá a lọ sí ibi iṣẹ́ àti ilé ọtí ní ìrọ̀lẹ́, kí n máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í dá òun lóhùn nítorí táì ọrùn rẹ̀. Ẹni tí sìmẹ́ńtì bá wà ní bàtà rẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nìyí. Bí ìwé-ẹ̀rí náà bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo lè kúrò níhìn-ín fún oṣù méjì kí n sì padà bá iṣẹ́. Láìsí i, bí mo bá yísẹ̀, ó ti parí fún mi nìyẹn. Mo fẹ́ bá yín ṣe Iléyá ọdún tí ń bọ̀. Ẹ má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì kọ̀wé sí mi nípa ojú yín. Sìdíkàt sọ pé ẹ kò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Jùbrílù Mọ́ṣúdù.


Òwu, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1976.

Eyínfúnjowó, ọkọ mi,

O kú òtútù, o kú àjò. Àwẹ̀ ti lọ, ìtùnú ti lọ, a sì dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ dé bí ìwọ kò tilẹ̀ dé. Bàbá Mùsílíù kí ọ. Ikọ́ náà kò lọ, ó kàn ń sinmi ni.

Sìdíkàt ni ó kọ ẹ̀yìn àpò lẹ́tà yìí bí ó ti máa ń bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni. Bí o bá rí ìlà tí ó gun òkè tí ó tún já wálẹ̀, ojú ni kí o bá wí. Níbi ẹ̀kọ́ àgbà, orí ìlà ni wọ́n kọ́ wa pé kí a máa rìn.

O ní o ń béèrè ọ̀rọ̀ owó-orí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Mo gbé lẹ́tà sún mọ́ ojú, mo ka ibẹ̀, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ ro aró. Ọkọ mi, ta ni ó rán ọ ní irú iṣẹ́ yẹn? Nígbà tí mo wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín, àwọn akọ̀wé owó-orí a máa wọ agbo-ilé. Wọn kì í pariwo. Wọn a kí wa, wọn a jókòó, wọn a béèrè pé ìkòkò mélòó ni a ní, pé báwo ni ọjà Ìtòkú ti rí. Ìbéèrè ni ó máa ń ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọlọ́pàá ń dé. Mo wà lára àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó sí Aké nítorí owó-orí, Sìdíkàt wà lẹ́yìn mi, oòrùn sì ń pa àwa méjèèjì. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ ni ó wá ń lọ káàkiri ilé ọtí, tí ó ń béèrè bí nǹkan ti rí?

Bàbá Mùsílíù ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ìwádìí yàtọ̀ sí owó gbígbà. Mo ní, "Bàbá, ẹni tí ó bá ń ka ẹyin adìẹ, jíjẹ ni ó fẹ́ jẹ ẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn, wọ́n sì ní èmi ni mo fẹ́ fi ẹ̀rín pa àwọn.

O béèrè ojú mi. Ti ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ń rí ìmọ́lẹ̀, ó sì ń rí ènìyàn bí ìgbà tí èéfín bá wà láàrin wa. Dókítà ní ó ti pẹ́ kí a tó wá. Mo ṣì mọ aró tí ó ti mú yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì mú, ṣùgbọ́n imú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n báyìí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ra aró oníyẹ̀fun inú agolo, èyí kò ní òórùn kankan. Bí wọ́n bá gbé e síwájú mi, mo di afọ́jú pátápátá.

Ọdún kẹrìnlá nìyí tí o ti lọ. N kò béèrè aṣọ, n kò béèrè owó. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí nígbà tí tèmi ṣì ń ríran. Má jẹ́ kí ó di pé ọwọ́ ni n óò máa fi wá ọ lójú bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú ẹní. Bí ìwé tí o wí ni ó máa gbé ọ wá, gba ìwé náà.

Èmi ni ìyá rẹ tí ń retí,
Asiata.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejìlá, ọdún 1976.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá tí ó kọjá, ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Mo ka lẹ́tà yín, mo sì tún un kà. Ó dùn mí díẹ̀. N kì í ṣe agbowó-orí. Nínú ọ̀rọ̀ ẹyin tí ẹ sọ yẹn, èmi gan-an wà lára ẹyin tí wọ́n ń kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń gbọ́ fún yín, kí ẹ lè mọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ará Írẹ́láǹdì kan wà tí ó ti ń mọlé ní ìlú yìí fún ogún ọdún. Kò lè fi ibùgbé kan hàn, nítorí ibi tí ògiri bá wà ni ó ń sùn. Ó bi mí bóyá ìwádìí mi lè bá òun gba ìwé-ẹ̀rí. Mo ní rárá. Ó ní, "Jẹ́ kí ó bá mi gba ọtí nígbà náà." Mo ra ọtí náà fún un, èmi mu omi. Àwọn mìíràn sọ fún mi pé àwọn ọ̀gá kò tilẹ̀ fẹ́ gba ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí mọ́, nítorí wàhálà ìṣirò tí ó wà nídìí rẹ̀. Kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Olùkọ́ mi rò pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọn yóò pàdánù. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ọ̀hún lódidi ni ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ èmi náà. Wọn kò fún mi ní ìwé-ẹ̀rí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbàṣe, ọ̀gá mi àkọ́kọ́ kọ mí sílẹ̀ bí mo ti pe ara mi, Jùbrílù Mọ́ṣúdù, orúkọ tèmi àti ti bàbá mi. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, mo bọ́ sọ́wọ́ Dìran, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwa, tí ó máa ń kó àwọn alágbàṣe jọ. Ó mọ ilé wa. Ó ní ta ni kò mọ ilé Ògúnníyì ní Òwu? Ó bá kọ mí ní Jùbrílù Ògúnníyì. N kò kọ̀ ọ́. Orúkọ bàbá bàbá mi ni, mo kà á sí ọlá pé wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ òkèèrè. Mo san owó-orí lábẹ́ orúkọ méjèèjì. Lójú ilé owó-orí, ènìyàn méjì ni wá: ọ̀kan ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àti ààbọ̀, ó pòórá, èkejì jáde láti inú afẹ́fẹ́, ó ṣe ọdún kan àti ààbọ̀ tirẹ̀. Kò sí èyí tí ó pé ọdún mẹ́ta nínú wa.

Wọ́n ti fún mi láyè kan. Kí àgbàlagbà ilé wa kan, tí ó mọ̀ mí láti kékeré, lọ búra ní ilé ẹjọ́ pé ẹnì kan náà ni Jùbrílù Mọ́ṣúdù àti Jùbrílù Ògúnníyì. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Mùsílíù kí wọ́n lọ. Orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé ìbúra náà, kí ó sì dé ọwọ́ mi kí oṣù kẹrin tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn wọn kò ní gbà á mọ́. Sìdíkàt kéré sí mi lọ́jọ́ orí, wọn kò ní gba tirẹ̀.

Iléyá tí mo wí wà lórí ìwé yìí. Ojú yín náà wà lórí rẹ̀.

Èmi ni,
Jùbrílù.


Òwu, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1977.

Eyínfúnjowó, ọkọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Bàbá Mùsílíù ti fi wá sílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n ní kí a bá àwọn tẹ́ ẹní, a tẹ́ ẹ. Ìgbà tí wọ́n foríkanlẹ̀, wọn kò gbé e mọ́. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ sọ fún ọ. Àwọn ẹbí wa tí wọ́n wà ní Wásinmi ní a kì í fi òkú ránṣẹ́ sí ẹni tí ó dá wà ní àjò, pé kí a ṣe ogójì ọjọ́ tán ná. Lẹ́tà rẹ ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ń gbọ́ bí ó ti ń dún ní gbogbo ìgbà tí mo bá yí orí.

Lẹ́yìn ogójì, a wá bi ara wa pé ta ni yóò lọ búra. Àwọn tí wọ́n wà níbi ìsọmọlórúkọ rẹ, kò ku ẹnì kan nínú wọn. Èmi tí mo bá ọ ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó kù. Mo ní n óò lọ. Sìdíkàt mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́, ó fi mí lé ọwọ́ mẹ́sẹ́ńjà kan, ó sáré lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Akọ̀wé tí ó dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ kò tíì gbó. Ó fi Kùránì sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ mọ ọkùnrin yìí?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n ju bí ó ti mọ ara rẹ̀ lọ. Mo sọ bí o ti ṣubú láti orí Olúmọ tí apá rẹ òsì fi wọ́. Mo sọ bí eyín rẹ ti máa ń kọ́kọ́ wọlé kí ìwọ alára tó wọlé. Ó ní kí n pe orúkọ. Mo na lẹ́tà rẹ sí i, mo ní ó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun kò lè fi lẹ́tà ẹlẹ́tà búra fún mi, pé ohun tí ó bá ti ẹnu mi jáde ni òun yóò kọ. Mo bá dá a lóhùn bí ó ti yẹ kí ìyàwó ilé dáhùn. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tẹ̀ka sí i, ó lu òǹtẹ̀, ó sì lẹ ẹnu àpò rẹ̀ pa. Òun ni ó wà nínú èyí.

Mo ti ní kí wọ́n bá wa sìn àgbò kan ní Ọ̀dẹ̀dá. Mo sì ń rẹ aṣọ kan fún ọ, aró èlú ni, kò sí ti inú agolo níbẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Aké, mo rí ọ̀run pupa lórí Odò Ògùn. Mo ní, á ṣeé ṣe. Ojú kan yìí á dúró de Iléyá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Asiata.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1977.

Ìyá mi,

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ Bàbá Mùsílíù. Mo mọ ìdí tí ẹ fi pa á mọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo oṣù kejì ni mo ń bínú sí wọn nínú ọkàn mi pé wọn kò yára.

Ìwé ìbúra náà dé. N kò ṣí i, nítorí òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ wà lẹ́nu rẹ̀; mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó jókòó nídìí tábìlì ni ó ṣí i. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ mọ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eyínfúnjowó, ọmọ baálé yín, ọmọ ọmọ Bàbá Àgbà. Pé ó ti ṣubú láti orí àpáta rí, pé eyín rẹ̀ funfun. Kò sí Jùbrílù níbẹ̀. Kò sí Mọ́ṣúdù, kò sí Ògúnníyì.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹni méjì ni yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ ti di mẹ́ta."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní ní ìlú wa, obìnrin tí wọ́n bá gbé wọ ilé kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í pe ti bàbá ọkọ, kì í sì pe ti ọmọ kékeré tí ó bá nílé ọkọ. Orúkọ tirẹ̀ ni yóò fún un, òun ni yóò sì máa pè títí ayé. Ó bi mí pé, "Níwájú ilé ẹjọ́ náà?" Mo ní, "Níwájú ilé ẹjọ́ gan-an." Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé pé wọn kò gbà á, pé àyè tí wọ́n fún mi ti kọjá. Mo lè tún béèrè bí mo bá ti ṣe ọdún mẹ́ta mìíràn lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ọdún 1980 nìyẹn.

N kò fẹ́ purọ́ fún yín. Mo bínú. Mo rìn láti ibẹ̀ dé ilé, ohun tí mo sì ń wí fún ara mi ní gbogbo ọ̀nà ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré, Ìyá mi, ni ẹ ì bá pè é. Àwọn òkú ilé wa ì bá dárí jì yín. Mo ti kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀, n kò sì ní pa á rẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni mo yẹ kí n ti rántí. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí.

Dìran ti tú àwọn ènìyàn rẹ̀ ká. Mo ti wà nínú ìwé owó oṣù báyìí, ní ilé ìkẹ́rùsí kan, mo ń gbé àpótí láti ibì kan sí ibì kan. Wọn kì í fún ẹni tuntun ní ìsinmi tí ó lè gbé e dé Abẹ́òkúta. Ìwádìí náà ń lọ. Mo bi olùkọ́ mi bóyá a lè kọ ọ̀rọ̀ tèmi sí i. Ó ní ó dùn òun, pé ẹni tí ó ń béèrè kò lè wà lára àwọn tí a bi.

Ẹ má pa àgbò náà mọ́ dè mí.

Jùbrílù.


Òwu, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 1977.

Jùbrílù,

Èmi Sìdíkàt ni mo ń kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ìyá wa ti ń wí i ni mo ń kọ, n kò fi kún un.

Jùbrílù. Jùbrílù ọmọ Mọ́ṣúdù, ọmọ Ògúnníyì. Ṣé o gbọ́?

Nígbà tí Sìdíkàt ka lẹ́tà rẹ fún mi tán, mo ní kí ó ká a. Mo jókòó tì aró títí ó fi bàjẹ́. Nínú oṣù kẹjọ, ojú òsì náà pa dé. Kò dùn mí, bí ẹni pé wọ́n rọra fa aṣọ bò mí ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ fún gbogbo ayé, kò mọ́ fún mi.

Mo wá rò ó pé èèwọ̀ tí mo ń pa mọ́ kò ní ibi tí ó ń gbé mi lọ mọ́. Mo pe àwọn ọmọ ilé jọ, àgbà àti èwe. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, títí kan ọmọ tí wọ́n gbé sẹ́yìn. Mo ní mo fẹ́ pe orúkọ tí n kò gbọdọ̀ pè, kí wọ́n fún mi láṣẹ. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ti fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ilé nìkan ni ó ní adìẹ kan ni òun yóò gbà, pé kí ó má di pé àwọn ìyàwó kékeré náà á máa pe àwọn bí ẹni ń pe ẹran. A rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní adìẹ náà.

Mo padà sí ilé ẹjọ́. Lọ́tẹ̀ yìí Sìdíkàt wọlé pẹ̀lú mi. Akọ̀wé kan náà ni, mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó ní kí n pe orúkọ, mo pè é. Ó ní, "Ìyá, ẹ tún un pè, n kò gbọ́." Mo tún un pè. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, òun ni ìgbà àkọ́kọ́. Kò mọ́ mi lẹ́nu. Ó dà bí ìgbà tí mo ń kí àlejò kan tí ó ṣe pàtàkì, tí n kò mọ ibi tí ó ti wá.

Ìwé náà wà nínú èyí. Sìdíkàt kà á kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, ó ní orúkọ méjèèjì pé. Mo mọ̀ pé o ní àyè ti kọjá. Ṣùgbọ́n bá mi gbé e lọ fún obìnrin tí kò rẹ́rìn-ín yẹn. Sọ fún un pé mo ti pè é.

Aṣọ rẹ ti gbẹ. Wọ́n ní aró rẹ̀ dúdú dáadáa.

Ìyá rẹ,
Asiata.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1978.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ojú. N kò mọ ìkíni mìíràn tí mo lè kí yín.

Mo gbé ìwé náà lọ. Obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀. Ó kà á, ó ní báyìí ni ó yẹ kí ó ti rí, ó sì dá a padà fún mi. Kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Mo sọ fún un pé ẹ ti pè é. Ó ní kí n kí yín.

Wọ́n ti tẹ ìwádìí wa jáde, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀dà kan. Ará Írẹ́láǹdì náà wà níbẹ̀ láìsí orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní alágbàṣe kan tí kò ní ibùgbé. Mo wá a lọ láti fi hàn án, wọ́n ní ó ti lọ, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó lọ. Èmi kò sí nínú ìwé náà. Ẹni tí ó bá ń ka ènìyàn kì í ka ara rẹ̀.

N kò ní ṣèlérí Iléyá kankan fún yín mọ́. Ibi tí mo wà yìí, owó tí ó ń wọlé ni ó ń jáde, bí mo bá sì kúrò, ẹlòmíràn ni n óò bá lórí àpótí mi. Bí ọdún 1980 bá dé, a ó wò ó. N kò fi ọkàn sí i, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ má pe Jùbrílù mọ́. Ọ̀gá mi ń pè é ní àárọ̀, ilé owó-orí ń pè é, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ kò mọ̀ ju pé kí n wá gbé nǹkan. Èyí tí ẹ fún mi, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń pè é ní gbogbo ayé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sí i.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín. Ní ọdún tí ó kọjá, àpótí kan já lé mi lójú. Eyín méjì ti kúrò níwájú. N kò fẹ́ kí ẹ rí i, báyìí ẹ kò sì ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá mú mi dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ kan, tí ẹ fi ọwọ́ wá mi lójú bí ẹ ti wí, àlàfo ni ọwọ́ yín yóò bá níbẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹlòmíràn ni. Ẹ má ṣe bi mí ní orúkọ.

Èmi náà ni,
Eyínfúnjowó.